Bí A Ṣe Ń Ṣe Pálọ̀ Lọ́ṣọ̀ọ́ Kó Lè Jọ Ẹni Tó Ń Gbé Ibẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà lára ògiri àti orí tábìlì kúrò, kó ku àga nìkan. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá ohun kan nínú ẹrù yín tí ẹ ò jẹ́ tà láéláé: aṣọ tí ìyá ìyá yín fi sílẹ̀, àwòrán kan, ìkòkò amọ̀, àga àtijọ́. Ara rẹ̀ ni kí ẹ ti mú àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo nǹkan yòókù á máa tẹ̀ lé. Ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á rí pálọ̀ ẹlòmíì lórí fóònù, wọ́n á sì rà á látòkèdélẹ̀. Ilé náà á rẹwà lóòótọ́, àmọ́ àlejò á wọlé, á jókòó, á sì dìde lọ láìmọ nǹkan kan nípa onílé.

Ọ̀dà ò le. Ẹ ra agolo tó kéré jù, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sára páálí funfun ńlá kan, kí ẹ máa gbé páálí náà ti ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ tí iná bá wà ní títàn, torí ọ̀dà kan náà máa ń yí padà bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe yí padà. Ẹ má ṣe kun ìdánwò náà sára ògiri gan-an. Àwọ̀ àtijọ́ tó yí i ká á tan ojú yín jẹ.

Kọ́tìnnì: ẹ gbé irin rẹ̀ sún mọ́ àjà ju bó ṣe sún mọ́ fèrèsé lọ, kó sì yọ kọjá fèrèsé ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí aṣọ náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Bí èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ bá kúrú, ẹ rán aṣọ aláwọ̀ mìíràn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn ìyẹn ju tuntun lọ. Ní ti kápẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán kí ẹsẹ̀ iwájú gbogbo àga wà lórí rẹ̀.

Iná ló ń mú kí yàrá móoru lójú. Ẹ wo ara páálí gílóòbù, ẹ ó rí nọ́ńbà tí lẹ́tà K tẹ̀ lé; òun ló ń sọ bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. 2700K ni mò ń lò nínú pálọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti fìtílà. 6500K funfun jù, ó máa ń mú kí awọ ara èèyàn ṣá bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú yàrá kan. Dípò iná kan ṣoṣo lókè àjà, ẹ lo iná kékeré mẹ́ta, kí gíga wọn yàtọ̀ síra.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni gbígbé àwòrán kọ́ ògiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú òòlù lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ ná.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń gbé e ga jù, débi pé èèyàn á gbé ọrùn sókè kó tó rí ojú ẹni tó wà nínú àwòrán. Àárín àwòrán ni kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 145 láti ilẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè àga gbọọrọ lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn àga àti ìsàlẹ̀ férémù, kí àwọn àwòrán náà sì fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àga. Àwòrán kékeré kan ṣoṣo lókè àga ńlá máa ń dà bí ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló ń lu ògiri jálajàla: fífi ojú díwọ̀n. Ẹ tẹ́ gbogbo férémù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ tò wọ́n títí tó fi tẹ́ yín lọ́rùn, kí àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Ẹ wá gé ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ìwọ̀n férémù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi téèpù àwọn akunlé lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, torí sẹ́lótéèpù máa ń bó ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ mọ́jú. Bó bá jẹ́ àwòrán púpọ̀, àárín gbogbo wọn lápapọ̀ ni kó wà ní 145.

Kì í ṣe ibi 145 yẹn ni ìṣó ń wọlé o. Ẹ fa okùn ẹ̀yìn férémù sókè bí ìgbà tó bá wà lára ìṣó, kí ẹ wọn bí ibi tó ga jù lára okùn náà ṣe jìnnà sí orí férémù. Ká ní férémù ga ní 60, tí okùn sì fi 8 rẹlẹ̀ sí orí rẹ̀: 145, ẹ fi ìdajì gíga rẹ̀, 30, kún un, ẹ yọ 8 kúrò. 167 ni ìṣó á wà. Bí férémù bá ní ìkọ́ dípò okùn, ẹ tọ́ ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sí ẹnu ìkọ́ náà, ẹ tẹ férémù mọ́ ògiri, ibi tí funfun bá wà lẹ máa gbẹ́.

Ẹ má gbẹ́ ihò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń tan iná tàbí ti ń ki nǹkan bọ iná. Wáyà sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìṣó lásán máa ń tẹ̀ lára ògiri síméńtì. Ìṣó irin líle ni kí ẹ lò fún férémù fífúyẹ́; èyí tó bá wúwo, ẹ fi ẹ̀rọ lu ihò, ẹ ki ike kékeré tó ń di ìṣó mú bọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé (síkúrù) dè é.

Férémù ò dìgbà tó bá wọ́n. Mo máa ń ṣa àlòkù oríṣiríṣi, mo sì máa ń kùn wọ́n ní àwọ̀ kan. Ẹ fi ìwé funfun fífẹ̀ yí fọ́tò kékeré ká nínú férémù ńlá, iyì rẹ̀ á yọ. Fọ́tò ìdílé tí kò ní ẹ̀dà mìíràn, ẹ má gbé e kọ́: oòrùn máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ẹ tẹ ẹ̀dà, ẹ gbé ẹ̀dà kọ́, kí ẹ tọ́jú ojúlówó sínú àpótí.

Ẹ lẹ róbà kékeré mọ́ igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn férémù kó má baà máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá ń kó ẹrù padà sórí tábìlì àti ṣẹ́ẹ̀fù, ìdajì ni kí ẹ kó. Ẹ di ìdajì tó kù sínú páálí, kí ẹ máa fi pààrọ̀ bí oṣù ṣe ń lọ.