Bí a ṣe ń yan láptọ́ọ̀pù fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn: ẹ béèrè sọ́fítíwíà ìdánwò kí ẹ tó sanwó

Kí ẹ tó wo láptọ́ọ̀pù kankan, ẹ lọ wá ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ yín kọ ohun tí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní sí. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta péré: sọ́fítíwíà wo ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, ẹ̀dà Windows tàbí macOS wo ló ń bá a ṣiṣẹ́, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ARM, ìyẹn ẹ̀rọ tí irú ọpọlọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Intel àti AMD? Èsì yẹn ni kí ẹ mú lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Ẹ má gba ti ọ̀rẹ́, ẹ má sì gba ti ẹni tó fẹ́ tajà.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí ojú mi ti rí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù tuntun tó fẹ́lẹ́ bí ewé wá bá mi. A gba sọ́fítíwíà ìdánwò sórí rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́, àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ pé kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ àpótí náà: Close. A pa ẹ̀rọ, a tàn án padà, a tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, Close náà ni. Láptọ́ọ̀pù àlòkù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí lẹ́tà E ti yọ lára kíbọ́ọ̀dù, ló fi ṣe ìdánwò lọ́jọ́ kejì. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ tuntun yẹn. ARM ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í

Sọ́fítíwíà ìdánwò kò dà bí èyí tí a fi ń kàwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ti gbogbo ilẹ̀kùn yòókù: ẹ ò ní lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní lè ṣí ìwé tí ẹ kọ pamọ́. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti wọnú ẹ̀rọ lọ jìnnà, ìdí sì nìyẹn tó fi ń ṣa ẹ̀rọ yàn. Examplify, bí àpẹẹrẹ, kì í ṣiṣẹ́ lórí Chromebook, kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux, kò sì gbà kí ẹ fi Parallels gbé Windows sínú Mac kí ẹ wá ti ibẹ̀ ṣí i. Nítorí náà, bí Chromebook ṣe wù kó rọrùn tó láti rà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní. Ó dára fún ìwé kíkà nìkan.

Ti ARM lórí Windows ló ń fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ àwọn èèyàn níṣu, torí ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Snapdragon ni mò ń sọ. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kì í sábà gbóná, Windows 11 inú rẹ̀ sì máa ń túmọ̀ àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ fún Intel tàbí AMD kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìtúmọ̀ yẹn kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí díráfà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń bá ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn sọ́fítíwíà ìdánwò kan ń lọ. Láti mọ irú èyí tó wà níwájú yín, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé About, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ System type sí. Bí ẹ bá rí x64-based processor, ọkàn yín balẹ̀. Bí ARM bá wà níbẹ̀, ẹ má sanwó àfi tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti kọ ọ́ fún yín ní kedere pé àwọn gbà á.

Ojú kan náà ni kí ẹ ti wò ó bóyá S mode wà lára orúkọ Windows rẹ̀. S mode kò gba sọ́fítíwíà kankan àfi èyí tó wá láti Microsoft Store. Ọ̀fẹ́ ni láti jáde kúrò nínú rẹ̀, ẹ kàn ò ní lè padà síbẹ̀ mọ́ ni. Èmi máa ń yọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bá ṣí páálí.

Mac ńkọ́? Ó dára, ó lágbára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọpọlọ M1 tiwọn ní 2020, kò sí Boot Camp, èyí tó ń jẹ́ kí Mac gbé Windows, lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun yẹn mọ́, ẹni tó bá ń ronú pé òun á kúkú fi Windows sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó gbàgbé ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa wo àwòrán CT àti MRI nílé, Mac nìkan ni Horos wà fún, Windows nìkan sì ni RadiAnt wà fún, torí náà ẹ bi àwọn olùkọ́ yín léèrè èyí tí wọ́n ń lò. Ohun mìíràn: tí Apple bá gbé macOS tuntun jáde, ẹ má sáré gbà á. Sọ́fítíwíà ìdánwò sábà máa ń pẹ́ kó tó bá a mu.

Tó bá jẹ́ àlòkù

Àlòkù ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ẹ ka nọ́ńbà inú rẹ̀. «Core i5» lásán kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e: i5-7200U jẹ́ ìran keje, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ìran kẹjọ sì ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ohun tó bá kéré sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bátìrì náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá sọ pé òun ti kọ, kí ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Tí kò bá tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, èmi kì í rà á. Kí ẹni tó ń tà á sì pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kó tún tan án padà, kí ẹ lè rí i bóyá ó ṣì ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíràn tàbí ti iléeṣẹ́ kan.

Ìyókù kò le

RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 16 GB; SSD, ibi tí fáìlì ń wà, 512 GB. Ti 256 GB kò burú tí ẹ bá lè ra dísíkì àfikún. RAM ni kí ẹ má fi jáfara, torí Mac tuntun àti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́ kò ṣeé fi kún lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà wọ́n. Ẹ mú 14 inch tí kò wúwo ju kílógíráàmù kan àbọ̀ lọ, apá yín á dúpẹ́. Kádì àwòrán àwọn tó ń ṣe géèmù kò wúlò fún yín.

Ojú ẹ̀rọ nìkan ni mo ń fi àkókò wò. Ẹ ṣí àwòrán histology kan, ìyẹn ẹran ara tí wọ́n wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, èyí tí wọ́n fi aró pupa-rẹ́súrẹ́sú àti àlùkò pa láró, kí ẹ wá tẹ ojú ẹ̀rọ náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tí àlùkò yẹn bá ń di eérú, ojú ẹ̀rọ tí kò dáa ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní IPS kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì ra sọ́fítíwíà kankan. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Microsoft 365 lọ́fẹ̀ẹ́. Anki, tí mo fi ń há nǹkan sórí, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows, Mac àti Linux, AnkiDroid sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Android. Orí iPhone àti iPad nìkan ni wọ́n ti ń gbowó ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ lo SPSS fún ìṣirò, ẹ béèrè bóyá wọ́n á gba R tàbí jamovi, torí ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, sọ́fítíwíà ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, ṣáájú orin, ṣáájú fíìmù. Ẹ ṣe ìdánwò àfidánrawò tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n bá ń lò ó, kí ẹ sì rí i pé èsì wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti páálí rẹ̀ títí ìyẹn á fi parí.