Ẹrù ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò lọ sí Dakar

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ láti Èkó dé Dakar, tó sì máa pẹ́ lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ẹrù kù. Aṣọ mẹ́rin tó máa ń tètè gbẹ ti tó. Ẹ fi jíìnsì sílé. Ìwé ni kí ẹ má fi ṣeré rárá: páálí ìrìnnà, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti ẹ̀dà wọn. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí wọ́n wà lára yín, kì í ṣe nínú báàgì tí wọ́n máa jù sórí mọ́tò. Ihò iná Kútọnu àti Lomé kò gba ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, ẹ mú ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì dání. Kí ẹ tó jáde, ẹ gbé báàgì náà kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ fi gun àtẹ̀gùn. Bí èjìká bá ń ro yín, ẹ yọ bàtà kejì tí ẹ dì kúrò nínú báàgì.