Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọdún Samhain Nílé, ní Ìlànà Àtijọ́ àti ti Òde Òní

Samhain ni ọdún tí àwọn Gẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Áyálándì àti Skọ́tlándì fi ń kádìí ìkórè, tí wọ́n sì fi ń wọnú ìdajì ọdún tó ṣókùnkùn. "Sáwìn" ni wọ́n ń pè é lẹ́nu; ẹ má ṣe jẹ́ kí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ dà yín láàmú. Ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nítorí pé láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni àwọn àgbà wọn ti ń ka ọjọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Iná ni ẹ ó kọ́kọ́ tọ́jú. Ìtàn tí àwọn ará Áyálándì kọ sílẹ̀ sọ pé orí òkè Tlachtga, nítòsí ìlú Athboy ní Meath, ni wọ́n ti ń dá iná ńlá lálẹ́ ọjọ́ náà, pé gbogbo ilé yóò ti pa iná tiwọn, wọn yóò sì wá tan òmíràn láti ara ti orí òkè. Ẹni tí kò ní òkè tàbí àgbàlá lè ṣe é nínú yàrá: ẹ pa gbogbo iná mànàmáná, títí kan tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, ẹ jókòó sínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àgbà ilé tan àbẹ́là kan, kí olúkúlùkù sì tan tirẹ̀ lára rẹ̀.

Elégédé tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára, tí wọ́n sì ń fi àbẹ́là sínú rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ alẹ́ yìí, Amẹ́ríkà ni àwọn ará Áyálándì tó ṣí lọ síbẹ̀ ti bá a pàdé. Túnípù, irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ tó le bí iṣu àìsè, ni wọ́n ń gbẹ́ nílé. Ẹ gé orí rẹ̀ bí ìdérí, ẹ fi ọ̀bẹ la inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ wá máa fi ṣíbí irin ha á díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi ku ìwọ̀n ìka kan. Ọrùn ọwọ́ yóò dùn yín. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn ju elégédé lọ, nítorí pé bí àbẹ́là bá ti wọ inú rẹ̀, ojú rẹ̀ a dà bí ti arúgbó tí inú ń bí.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì eléso tí wọ́n ń pè ní barmbrack. Ẹ rẹ èso àjàrà gbígbẹ, gíráàmù 350, sínú tíì tútù tí kò ní mílíìkì, mílílítà 300, kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ po ẹyin kan, ṣúgà gíráàmù 125 àti fúláwà tó ti ní páúdà ìwúkàrà nínú, gíráàmù 225, mọ́ ọn, kí ẹ yan án fún nǹkan bí wákàtí kan ní ìwọ̀n 170 lórí ófùn. Òrùka máa ń wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá bá a pàdé yóò ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí po. Ẹ fi pépà wé òrùka náà, kí ẹ sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́, nítorí eyín.

Ìlànà òde òní jẹ́ ti àwọn tó ń pe ara wọn ní Págánì, ìyẹn àwọn tó ń sọ ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù di ọ̀tun, pàápàá àwọn ẹlẹ́sìn Wicca, ẹ̀sìn àjẹ́ òde òní tí Gerald Gardner gbé jáde sí gbangba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé òfin àjẹ́ ní 1951. Àwọn òkú wọn ni wọ́n fi ọdún yìí ń rántí, àsè ìdákẹ́jẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún òkú, ẹ bu oúnjẹ tó fẹ́ràn sínú àwo rẹ̀ kí ẹ tó bu ti ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì jẹun láìsọ̀rọ̀ títí dé òpin. Ó ṣòro, ariwo ṣíbí lára àwo á wá máa dún bí agogo. Ẹni tó dàgbà níbi tí egúngún ti ń fi ìlù àti oríkì wọ̀lú lè kà á sí ohun àjèjì pé ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń kí òkú káàbọ̀. Ẹ má sì gba ẹni tó bá ní àsè yìí ti wà láti ìgbà àwọn Gẹ́ẹ̀lì gbọ́: àwọn ọmọge ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀ láti fi wo ẹni tí yóò fẹ́ wọn, kó tó di ti òkú.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ má fọwọ́ kan oúnjẹ òkú náà. Ẹ gbé e lọ sídìí igi níta, kí ẹ tó tan iná mànàmáná padà.