Yóga Pẹ̀lú Ewúrẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ó Ṣe Ara Lóore

Ọdún 2016 ni Lainey Morse, obìnrin kan tó ní oko kékeré ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ènìyàn láyè láti wá ṣe yóga, ìyẹn ìdárayá nínà ara àti mímí, láàrin ewúrẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi tàn dé ìpínlẹ̀ mìíràn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú irú ewúrẹ́ tí wọ́n ń lò jù ni Nigerian Dwarf, ọmọ ìran àwọn ewúrẹ́ kúkúrú apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbátan èyí tó ń rìn kiri àgbàlá wa. Ẹni tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sin ẹran ti mọ díẹ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí tẹ́lẹ̀.

Ẹ má pè é ní oògùn. Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí ní Washington State University fi akẹ́kọ̀ọ́ 249 ṣe ìdánwò kan. Àwọn tó fọwọ́ pa ẹran lára fún ìṣẹ́jú 10 péré, èròjà cortisol tó máa ń pọ̀ lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ dínkù nínú itọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ajá àti ológbò ni wọ́n lò, kì í ṣe ewúrẹ́. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kíláàsì yìí ń ṣe ni pé ó ń na iṣan, ó ń mú kí ènìyàn mí dáadáa, ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn tì.

Àṣìṣe tó ń ba nǹkan jẹ́ jù lọ ni gbígbé ewúrẹ́ sórí ẹ̀yìn ènìyàn nítorí àtiya fọ́tò. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ibi gíga láti ilẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tó fi ń gun odi, kùkùté àti orí mọ́tò. Bí o bá kúnlẹ̀, tí o tẹ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ tẹ́ bíi tábìlì, òkè tó ṣeé gùn ni ọ́ lójú rẹ̀. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ gùn ọ́ máa ń dúró jẹ́ẹ́. Èyí tí wọ́n gbé lé ọ á gan ẹsẹ̀, á fi pátákò gún ọ lẹ́yìn, á sì fò sílẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ ni awọ ara ti ń bó. Nítorí náà, ẹ máa gé pátákò wọn ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi fáìlì pa etí pátákò náà tó mú.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọmọ Nigerian Dwarf tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 1, àmọ́ àgbà rẹ̀ lè tó kílò 34. Ní tiwa, èyí tó bá ti ju kílò 9 lọ, ilẹ̀ ni kó wà. Òkè ìbàdí tàbí àárín eegun èjìká ló yẹ kó dúró sí, torí apá àti itan ló gbé ibẹ̀ ró. Kòtò ẹ̀yìn, níbi tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀ lábẹ́. Bí o bá fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, má dìde. Rọra jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ, kí ẹ̀yìn rẹ dà bí òkè tó ń dà gẹ̀rẹ́, á sì rìn sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu, kó jókòó kó ká ẹsẹ̀, kí ewúrẹ́ wá sùn sí itan rẹ̀. Kò pàdánù ohunkóhun.

Àwọn mìíràn ń fi àgbàdo tan ẹran káàkiri orí ẹní. Bí 20 ènìyàn bá fún un ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, ọkà yẹn á kan nínú ikùn ńlá rẹ̀, ikùn á wú, ó sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fún wọn, ní wákàtí kan ṣáájú kíláàsì. Ewúrẹ́ tó yó á dùbúlẹ̀, á máa jẹ àpọ̀jẹ, ìró ẹnu rẹ̀ yẹn gan-an sì máa ń mú ara ènìyàn rọlẹ̀. Èyí tí ebi ń pa á já ẹní jẹ, bẹ́ẹ̀ rọ́bà tó bá gbé mì lè dí i nínú. Ẹ di irun yín, kí ẹ sì yọ yẹtí. Ẹ wo ọgbà náà yíká pẹ̀lú: májèlé ni ewé yew, azalea àti rhododendron, tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà ní Oregon àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má fọwọ́ ti ewúrẹ́ níwájú orí, ẹ má sì di ìwo rẹ̀ mú. Ìpè sí ìjà ni lójú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ènìyàn. Òbúkọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá kò yẹ ní kíláàsì rárá, nítorí òórùn rẹ̀ àti ìwà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ òun ló lè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn. Sánítáísà kò pa Cryptosporidium, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọwọ́. Bí ewúrẹ́ bá tọ̀ sórí ẹní, ẹ má wulẹ̀ nù ún, ẹ pààrọ̀ ẹní náà, torí ojú àti ẹnu ni ẹ máa tó gbé lé e. Oúnjẹ àti ike omi, ẹ̀yìn ọgbà ni kí wọ́n wà. Ewúrẹ́ tó ní egbò létí ẹnu, ẹ yà á sọ́tọ̀, egbò náà ń ràn mọ́ ènìyàn. Aboyún ní láti ṣọ́ra jù: ibà Q, tó lè ba oyún jẹ́, ń ti ara olóbi àti omi ìbímọ ewúrẹ́ wá, ó sì lè bá eruku fẹ́ dé imú. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tàbí tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, kò gbọdọ̀ dé tòsí kíláàsì. Ó sàn kí aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má wọlé rárá.

Kíláàsì tó bá ju wákàtí kan lọ ti ń ni ẹran lára. Ẹ ṣe igun kan tí ènìyàn kò ní dé, kí èyí tó bá rẹ̀ lè sá síbẹ̀. Bí ó bá ń pa eyín keke, ìrora ni. Ẹ mú un jáde. Ẹ má sì mú ẹyọ kan ṣoṣo wá, igbe ni yóò fi gbogbo àkókò yẹn ké.

Olùkọ́ tó ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ náà ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2018, tí wọ́n ṣe ní ibi ìtọ́jú ewúrẹ́ kan ní Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi fọ́tò méjì ti ẹnì kan náà han ewúrẹ́, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì fajú ro. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n sábà kọ́kọ́ lọ bá. Ní ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn, tí gbogbo ènìyàn bá ti dùbúlẹ̀ tí wọ́n kọjú sókè, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura lé ikùn, kí ẹ bo ojú, kí ẹ sì pa fóònù mọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ewúrẹ́ sábà máa ń wá sùn ti ènìyàn.