Bí mo ṣe wá Yorùbá fún "limelight"

Ìwé ètò ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún bàbá kan ní Ṣágámù ni wọ́n gbé fún mi pé kí n túmọ̀ sí Yorùbá. Nígbà èwe wọn, bàbá yìí bá àwọn eléré orí ìtàgé rìn láti ìlú dé ìlú. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni. Mo ní kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó ti parí rẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ pé bàbá "came into limelight", tí wọ́n sì "left the limelight" nígbà tó yá.

"Lime" ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí à ń fún sí àgbo. Kí ló wá da ọsàn pọ̀ mọ́ iná? Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo wá íntánẹ́ẹ̀tì kún un. Kò kan ọsàn rárá! Òkúta funfun kan tí wọ́n ti sun ni. Wọ́n á fi iná oxygen àti hydrogen fẹ́ ẹ, á sì tàn yòò. Ní 1837, wọ́n lò ó ní ilé eré Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan á dúró ti fìtílà náà, á máa yí òkúta, torí iná ń gbẹ́ ẹ ní ihò, á sì máa darí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀lé olú eré. Iná mànàmáná ti gba iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, orúkọ ló kù, tí Òyìnbó fi ń pe ipò ẹni tí gbogbo ojú ń wò. (Ìwé atúmọ̀ èdè máa ń fi "the" síwájú rẹ̀, àwa ní Nàìjíríà la máa ń gé e kúrò.)

Apá àkọ́kọ́ ò le: "wọ́n di gbajúmọ̀." Ẹni tí igba ojú mọ̀ ni gbajúmọ̀. Iná ni Òyìnbó ń wò, ojú ni Yorùbá ń kà.

Apá kejì ló fẹ́ dójú tì mí. Mo tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ojú yẹn, mo kọ ọ́ pé "bàbá kúrò lójú ayé." Mo tiẹ̀ ń yin ara mi. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn obìnrin lórí WhatsApp, kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi pè mí.

"Àbúrò, bàbá mi ṣì wà láyé o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo pa á rẹ́. Mo gbìyànjú "wọ́n fẹ̀yìn tì", ó dà bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba. "Òkìkí wọn rọlẹ̀" ní èébú nínú. Nígbẹ̀yìn mo kọ ọ́ pé: "Wọ́n fi ariwo ìtàgé sílẹ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sílé ní Ṣágámù." Mi ò fi iná kankan sí i.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo sọ ìtàn òkúta náà fún bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àtùpà gáàsì la lò ní tiwa. Bí mo bá ti lanu kọrin báyìí, kòkòrò á ti kó wọ̀ mí lẹ́nu."