Ẹ má tíì ṣí aago àpò yẹn o! Àwọn àṣìṣe tó ń pa aago Amẹ́ríkà àtijọ́

Aago Elgin kan wà lórí tábìlì mi báyìí ní Chicago níbí, wọ́n ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1905. Bọ̀dá kan ló gbé e wá, bàbá ìyàwó ẹ̀ ló fún un, ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tóun gbà á, ó kàn ń fà sẹ́yìn díẹ̀ ni, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́. Ló bá lọ gbé WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fín sí irin, nínú gáréèjì, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó fín in sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bíi pé wọ́n ń lé e, nígbà tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì ó dákẹ́ pátápátá.

Mi ò bá a jà, torí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn aago náà ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí gan-an. Aago tó ti wà láyé kí wọ́n tó bí bàbá àgbà ẹlòmíì nínú wa, tó ti gbé inú dúrọ́ọ̀ ìyá arúgbó fún ọgbọ̀n ọdún tí nǹkan kan ò ṣe é, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ló máa ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń rí fún yín, bóyá aago tiyín á bọ́ nínú ẹ̀.

Òróró ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú torí òun ló ń pa aago jù. WD-40 kì í ṣe òróró aago rárá. Ṣe ló máa ń ràn káàkiri, kò ní dúró síbi tẹ́ ẹ fín in sí, tó bá sì gbẹ tán á máa lẹ̀ bí oje igi. Sípíríńgì kékeré kan wà nínú aago yẹn tó tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n ká a roboto, òun ló ń dá wíìlì tí wọ́n ń pè ní balance padà kó lè máa lọ kó máa bọ̀, ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 18,000 ní wákàtí kan. Tí epo bá ti kan sípíríńgì yẹn, ìká kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, á wá dà bíi pé sípíríńgì ti kúrú, ìdí nìyẹn tí aago bọ̀dá yẹn fi ń sáré kó tó kú. Òróró máṣíìnì ìránṣọ ò dáa síbẹ̀, àdín àgbọn ò dáa síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ẹ má tiẹ̀ dá a lábàá. Òróró aago wà lọ́tọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré, ìwọ̀n tó lè dúró sórí abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń fi sí ojú kan. Àwọn òkúta rúbì tí ẹnu wíìlì, ìyẹn orí ọ̀pá ẹ̀ tó ṣóńṣó, ń yí nínú ẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré sí wọn, kòtò yẹn ló ń di òróró mú, tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kún jù á ṣàn kúrò níbẹ̀, á sì fa gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ, ibi tó yẹ kó wà gan-an á wá gbẹ. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ rọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ti àtijọ́ yẹn ti di gọ́ọ̀mù, ó fẹ́ kí wọ́n tú aago palẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́ ni.

Kí wọ́n tó débi òróró pàápàá, àwọn míì ti ba aago jẹ́ látibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí i. Ọ̀bẹ ìdáná! Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n ń tà, ẹ máa rí ojú ọgbẹ́ káàkiri etí ẹ̀, ẹnìkan ló fi ọ̀bẹ wá ẹnu ọ̀nà níbi tí kò sí. Ọ̀pọ̀ ilé aago Amẹ́ríkà, yíyí ni wọ́n ń yí i bí ìdérí ìgò, ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn tàbí bọ́ọ̀lù rọ́bà, ẹ yí i sọ́wọ́ òsì, á tú. Èyí tó ní ìhìnjì, ẹ wá etí kékeré tó yọ síta, èékánná ti tó o. Òmíì tún wà tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò ṣí rárá, iwájú ni wọ́n ti ń yí gíláàsì kúrò, ẹ á fa orí tẹ́ ẹ fi ń wáìn in sókè, ẹ á wá gbé ẹ́ńjìnnì, ìyẹn gbogbo inú aago tó ń ṣiṣẹ́, látìsàlẹ̀ lápá aago mẹ́fà, á ṣí síwájú bí ilẹ̀kùn torí ìhìnjì ẹ̀ wà lápá aago méjìlá. Ẹni tí ò mọ̀yẹn á ti fi ọ̀bẹ jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé náà nìyẹn.

Ó tún kan fífa orí aago. Èèyàn á ra aago rélùwéè tó dáa, á fẹ́ yí ọwọ́ ẹ̀ sí àkókò tó yẹ, á fa orí ẹ̀ bó ṣe ń fa ti aago ọwọ́, kò ní jáde, á fà á sí i, á fi páńpẹ́ mú un, gbàà, ohun kan ti já nínú ẹ̀. Irú aago yẹn, lever ló ní. Ẹ yí gíláàsì iwájú kúrò, ẹ wo etí ojú aago lápá aago kan sí méjì, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀, ẹ fi èékánná fà á síta, ẹ wá yí orí aago, ọwọ́ á máa yí tẹ̀lé e, tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ tì í padà kẹ́ ẹ tó dé gíláàsì.

Wọn ò sì ṣe é bẹ́ẹ̀ lásán o, ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ gùn. Ní oṣù April ọdún 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Kipton ní ìpínlẹ̀ Ohio, èèyàn kú níbẹ̀. Ojú irin kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, aago nìkan ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà kí èkejì kọjá, wọ́n sì ní aago ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sì mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Ìyẹn ni àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè fi pe Webb C. Ball, ẹni tó ń ta aago ní Cleveland, pé kó wá máa yẹ aago àwọn òṣìṣẹ́ wò. Látibẹ̀ ni òfin le. Ojú aago gbọ́dọ̀ wà ní gbangba láìsí ìdérí, nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ketekete, rúbì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 17, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ lọ́sẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó lè máa lọ déédéé ní ìdúró márùn-ún, ì báà dojú bolẹ̀ ì báà dúró lórí. Wọ́n tún fẹ́ lever, torí tó bá jẹ́ orí aago lásán ni wọ́n fi ń yí ọwọ́ ẹ̀, awakọ̀ lè ṣèèṣì fà á níbi tó ti ń wáìn in, àkókò á yí padà, ẹ̀mí sì wà lọ́rùn un. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí, kò ní fa orí aago rélùwéè bíi Hamilton 992 láéláé.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè yìí náà ni wọ́n fi ń lu àwọn èèyàn ní jìbìtì. Pé wọ́n ya ọkọ̀ ojú irin sẹ́yìn aago ò sọ ọ́ di aago rélùwéè. Látayé àtijọ́ ni àwọn kan ní Switzerland ti ń ṣe aago pọ́ọ́kú, wọ́n á kọ orúkọ tó jọ ti Amẹ́ríkà sí i, wọ́n á ya ọkọ̀ sójú ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé rúbì 23 wà nínú ẹ̀. Inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Inú náà lẹ ti máa mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára aago, ọ̀kan nínú ilé ẹ̀, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Nígbà náà, tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa mú ẹ́ńjìnnì tó wù yín, ẹ máa mú ilé tápò yín ká lọ́tọ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe ilé kì í sábà jẹ́ èyí tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá wá rí i tí wọ́n kọ 14K sínú ilé ẹ̀, ẹ kà á parí kẹ́ ẹ tó náwó. Tí wọ́n bá kọ "Warranted 20 Years" mọ́ ọn, idẹ ló wà nínú, góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, ogún ọdún yẹn ni wọ́n fi ṣèlérí pé góòlù ò ní ṣí. Mo ti rí ẹni tó san owó góòlù gidi lórí irú ẹ̀. Kó tún wá lọ fi páálíìṣì ha á, góòlù tó kù bá tẹ̀lé e lọ.

Ẹ dákun, ẹ má ha inú ẹ̀yìn ẹ̀ náà. Ẹ máa rí ìlà àti nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ síbẹ̀, àwọn tó tún aago náà ṣe ló kọ ọ́ láti fi mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní ọdún 2009 wọ́n ṣí aago àpò Ààrẹ Abraham Lincoln ní mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian (ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wá láti England), wọ́n bá ọ̀rọ̀ tí atúnaagoṣe kan tó ń jẹ́ Jonathan Dillon fín síbẹ̀ lọ́dún 1861 pé wọ́n ti kọ lu Fort Sumter, ibi tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ogóje ọdún tó fi wà níbẹ̀ kí gbogbo ayé tó rí i.

Àwọn kan á ní "wọ́n ti wáìn in jù ló fi kú." Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí aago bá ti wáìn dópin tí kò lọ, ìdọ̀tí ló dì í mú tàbí kí òpó balance ti kán. Òpó yẹn, ẹnu ẹ̀ méjèèjì ò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mílímítà kan lọ, kò sì sí nǹkan kan nínú aago wọ̀nyẹn tó ń gbà á sílẹ̀ tó bá já bọ́. Ẹ gbé ojú aago sókè, ẹ wò ó bóyá á lọ, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, tó bá ń lọ lápá kan tó dúró lápá kejì, ẹ fura sí òpó. Ẹ má mì ín jìgìjìgì kó lè lọ, ẹnu òpó tó kù tó dáa lẹ máa fi kán.

Tẹ́ ẹ bá pinnu pé ẹ máa tú u, ẹ kọ́kọ́ tú agbára inú sípíríńgì ńlá sílẹ̀. Ẹ di orí aago mú dáadáa láàárín ìka méjì, ẹ fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti irin kékeré tó ń há eyín wíìlì sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí orí aago máa yí padà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ yín títí kò fi ní fà mọ́. Ẹni tó fojú fo èyí, tó bá fi yọ pallet, ìyẹn irin kékeré tó ń dá wíìlì dúró tó tún ń fi í sílẹ̀, gbogbo wíìlì á yí lẹ́ẹ̀kan náà fùùù, eyín á ká, ẹnu á kán, iṣẹ́ ọjọ́ kan á di iṣẹ́ oṣù kan. Súkúrù tó bá sì kọ̀ láti tú, ẹ dúró wò ó dáadáa, àwọn kan wà tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń tú u sí.

Níbi fífọ̀, ẹ má rẹ balance àti pallet sínú sípíríìtì. Òkúta tó wà lára wọn, shellac, irú gọ́ọ̀mù kan, ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, sípíríìtì sì ń yọ́ shellac, ẹ máa bá òkúta nísàlẹ̀ abọ́. Epo láítà tí àwọn amusìgá ń rọ, ìyẹn ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ojú aago tó funfun bí àwo tánganran, kóòpà ló wà lábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi irin wú u sókè á sán, ẹ tú súkúrù ẹsẹ̀ ẹ̀ létí kó tó di pé ẹ gbé e. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ máa ń tàn lókùnkùn bí Ingersoll Radiolite, ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, radium ni, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kódà tí kò bá tàn mọ́.

Ohun ìtùnú ni pé ẹ̀yà ara àwọn aago yìí ṣì wà. Nígbà tí Aaron Dennison àti Edward Howard àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ aago tá a wá ń pè ní Waltham ní Roxbury lọ́dún 1850, kí wọ́n tó kó lọ sí Waltham lẹ́bàá odò Charles lọ́dún 1854, ohun tí wọ́n ń lé ni kí máṣíìnì máa gé ẹ̀yà ara aago kí ọ̀kan lè wọ ipò èkejì. Elgin bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1864, aago àkọ́kọ́ wọn, B.W. Raymond, jáde lọ́dún 1867. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ní Philadelphia lọ́dún 1876, àwọn ará Switzerland fúnra wọn wá wo máṣíìnì Waltham, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó wà níbí ni pé kẹ́ ẹ rò pé Waltham ni Waltham. Sáìsì, módẹ́ẹ̀lì àti gíréèdì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu kẹ́ ẹ tó ra òpó tàbí sípíríńgì, òpó módẹ́ẹ̀lì kan ò ní wọ òmíì bó tilẹ̀ jẹ́ sáìsì 18 ni méjèèjì.

Aago bọ̀dá yẹn, mo tú u palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo fi epo láítà fọ sípíríńgì kékeré ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn ìká tó fira wọn sílẹ̀. Òpó ẹ̀ ò kán, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ó ti ń lọ báyìí. Mo gbé e lójú sókè fún ọjọ́ kan, mo dojú ẹ̀ délẹ̀ fún ọjọ́ kan, ọ̀la ni màá gbé e dúró, mi ò tíì fọwọ́ kan irin F àti S, èyí tí wọ́n fi ń mú kí aago yá tàbí kó falẹ̀, rárá títí màá fi rí bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìdúró. Mo ti sọ fún bọ̀dá pé kó má wá gbà á kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.