Bí Awakọ̀ Ojú Irin Ṣe Ń Múra Kó Tó Gbéra ní Mọ́níyà

Láti Mọ́níyà n'Ìbàdàn dé Èbúté Mẹ́ta, kìlómítà 157 ni, orí ìjókòó lẹ ó sì wà. Oorun lọ̀tá yín níbẹ̀. Ẹ sun wákàtí méje ó kéré tán. Ẹ má lo Piriton lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun rẹ̀ lè dúró di àárọ̀. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì? Ó dìgbà tíṣẹ́ bá parí.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ wo abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára atẹ́gùn bíréèkì hàn. Tó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń jò nìyẹn; ẹ kọ́kọ́ yẹ rọ́bà tó so ọkọ̀ méjì pọ̀ wò. Èrò lè máa kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin òde òní ní bọ́tìnì tó ń dún láti mọ̀ bóyá awakọ̀ ṣì lajú. Tẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á fa bíréèkì fúnra rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé títẹ̀ ẹ́ lè mọ́ ọwọ́ lára débi pé á máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tójú ti ń tòògbé. Nítorí náà, ẹ máa fẹnu pe àwọ̀ iná ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá rí: “Pupa!” “Gíríìnì!”

Tí màlúù bá dábùú ojú irin, ẹ fọn fèrè, kẹ́ ẹ sì fa bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má dúró wò ó bóyá á kúrò.